Tìbú-Tòòró: Ìtàn Ìwọ̀n Àwòrán Fídíò Yorùbá láti Orí Téèpù dé Orí Àwo

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn Yorùbá fi kámẹ́rà fídíò gbà sílẹ̀ ní ogún ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún ogún, ìbáà jẹ́ ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ọdún ìbílẹ̀ tàbí eré onítàn, ti kúrò lórí téèpù bọ́ sórí àwo VCD àti DVD. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn ìrìn-àjò náà, ó sì fi ojú sí ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ìwọ̀n ìbú àwòrán sí òòró rẹ̀. Ó fi hàn pé ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ìrìn-àjò yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ìwọ̀n náà fi lè yẹ̀. Ó sì jiyàn pé àwòrán tí ìwọ̀n rẹ̀ ti yẹ̀ kò ṣe é lò bí ẹ̀rí fún ìmọ̀ ijó, aṣọ àti ilà ojú, àfi bí olùwádìí bá kọ́kọ́ tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ láìsí àmì ohùn kò ṣe é túmọ̀ títí tí àmì yóò fi padà sórí rẹ̀.

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ṣoṣo ni ìrìn, ijó àti ohùn òbí wọn tó ti di olóògbé ṣẹ́kù sí. Ẹ̀rọ tí ó ń lu irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ti di àwátì. Nítorí náà ni àwọn ẹbí fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onífídíò kí ó bá wọn dà á kọ sórí àwo. Nígbà tí wọ́n bá gba àwo náà padà, tí wọ́n sì fi í sínú ẹ̀rọ, ohùn á jáde, àwọ̀ á hàn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ojú ìyá náà á ti fẹ̀ ju bí ó ṣe rí láyé lọ, tàbí kí gèlè rẹ̀ ti gé kúrò lókè. Àwọn ọmọ á mọ̀ pé nǹkan kan kò dọ́gba. Àwọn ọmọ-ọmọ tí kò bá ìyá náà láyé yóò gbà pé bí ó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ti ẹbí nìkan. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí eré onítàn, ijó ìbílẹ̀, aṣọ àti ìṣe-ọnà Yorùbá ń lo àwọn àwo wọ̀nyí bí ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fi ojú kan téèpù tí wọ́n ti da àwo náà kọ. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dojú kọ ni pé: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán láàárín téèpù àti àwo, kí sì ni ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tí yóò fi àwòrán náà jẹ́rìí? Nínú iṣẹ́ yìí, ìbú ni fífẹ̀ àwòrán láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Òòró ni gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Yorùbá a máa dá méjèèjì pọ̀ ní tìbú-tòòró bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa odindi nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwòrán rí: ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọ̀kan láì fọwọ́ kan èkejì ti yí odindi padà.

Orírun ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́ta

Ìwọ̀n tí wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn téèpù wọ̀nyí ni 4:3. Bí àwòrán bá fẹ̀ ní ìdá mẹ́rin, yóò ga ní ìdá mẹ́ta. Ìwọ̀n yìí ti wà ṣáájú tẹlifíṣàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, ní ilé iṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà, W. K. L. Dickson lo fíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 35mm, ó sì fún férémù kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ó ṣẹ́kù fún àwòrán láàárín àwọn ihò náà ni ó bí 4:3. Nígbà tí tẹlifíṣàn dé, òun náà gba ìwọ̀n yìí. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onísinimá Amẹ́ríkà sọ ojú àwòrán tiwọn di gbalasa kí àwọn ènìyàn lè fi tẹlifíṣàn sílẹ̀ nílé kí wọ́n padà wá sí sinimá. CinemaScope ti ọdún 1953 jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Tẹlifíṣàn ní tirẹ̀ kò yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí.

Ìwọ̀n 4:3 yìí ni ó bá tẹlifíṣàn wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn òṣèré alárìnjò tó mọ ìtàgé gbalasa, bí Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá, wá kọ́ bí wọn yóò ṣe kó eré wọn sínú férémù tí kò jìnnà sí onígun mẹ́rin dọ́gba. Férémù bẹ́ẹ̀ bá ènìyàn tó wà ní ìdúró mu. Ó gba orí, ó gba ẹsẹ̀, kò sì fi àyè púpọ̀ ṣòfò ní ẹ̀gbẹ́.

Ní ti àwọ̀ àti iye ìlà, Nàìjíríà gba ìlànà PAL, èyí tí Walter Bruch ṣe ní Jámánì. Àwòrán PAL jẹ́ ìlà 625, ṣùgbọ́n 576 nínú rẹ̀ ni ó ń gbé ohun tí ojú ń rí. Férémù 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì pín férémù kọ̀ọ̀kan sí ìdajì méjì: àwọn ìlà kìíní, kẹta àti karùn-ún kọ́kọ́ dé, kí àwọn ìlà kejì, kẹrin àti kẹfà tó tẹ̀lé wọn. Èyí túmọ̀ sí pé kámẹ́rà ń wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà náà, Amẹ́ríkà ń lo NTSC, tí ó ní ìlà 525, nǹkan bí 480 sì ni ojú ń rí nínú rẹ̀. Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ṣàkóso ní Áfíríkà ń lo SECAM nígbà náà.

Ìyàtọ̀ yìí kan àwọn ẹbí tó fọ́n ká gidi. Téèpù ìsìnkú tí wọ́n gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe é wò ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí PAL ni Bìrìtìkó náà ń lò nígbà náà. Bí wọ́n bá fi téèpù kan náà ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Houston, ẹ̀rọ tí ó mọ NTSC nìkan kò lè gbé e jáde. Ó di dandan kí ẹnìkan yí i padà láti ìlà 576 sí 480. Bí onítọ̀hún bá fi ọgbọ́n fún ìlà 576 náà pọ̀ di 480, ìwọ̀n á dúró. Bí ó bá kàn gé 96 dànù, ìdá kan nínú mẹ́fà gíga àwòrán ti lọ nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ àwo tó dé rárá.

Kásẹ́ẹ̀tì dé agbo ayẹyẹ

Sony gbé Betamax jáde ní ọdún 1975; JVC gbé VHS jáde ní ọdún 1976. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ń gba àwòrán sílẹ̀, okùn ni ó so wọ́n pọ̀. Láàárín ọdún 1983 sí 1985 ni Betamovie, VHS-C àti Video8 sọ méjèèjì di ọ̀kan, tí ẹnìkan ṣoṣo fi lè gbé e lé èjìká kí ó sì wọ agbo ijó. Gbogbo wọn ló ń fi 4:3 gba àwòrán.

Ìgbà tí kámẹ́rà alágbèéká yìí ń tàn kálẹ̀ ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀. Àwọn òṣèré Yorùbá ti ń ṣe fíìmù fún sinimá láti ìgbà Àjàní Ògún ti ọdún 1976. Ògúndé ṣe Aiyé àti Jáíyésinmi. Moses Ọláìyá ṣe Ọ̀run Mọ́oru ní ọdún 1982, àwọn olè tó ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ sì sọ ọ́ di onígbèsè. Nígbà tí ètò ìtún-ọrọ̀-ajé-ṣe ti ọdún 1986 sọ iye náírà di yẹpẹrẹ, fíìmù tí wọ́n ń fi owó òkèèrè rà tí wọ́n sì ń fọ̀ ní òkèèrè kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣèré. Fídíò ni wọ́n sá lọ bá. Ṣóṣó Méjì tí Adé Ajíbóyè ṣe ní ọdún 1988 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń dárúkọ bí ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní ọdún 1993, fídíò ti di ojúlówó ọ̀nà eré onítàn Yorùbá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eré wọ̀nyí ni onífídíò ayẹyẹ ti ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, àwọn tó kọ nípa rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ní ọ̀nà tí ó gbà ń lo férémù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bàtà àlejò, á gòkè díẹ̀díẹ̀ gba ara ìró àti bùbá, títí yóò fi dé orí gèlè. Àwọn tó jókòó, ó máa ń gbà wọ́n tojú tẹsẹ̀. Ìṣe yìí kò ṣẹ̀yìn àwọn onífọ́tò tó ṣáájú rẹ̀. Stephen Sprague, tí ó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Yorùbá ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1978, ṣàkíyèsí pé nínú fọ́tò àgbà, ẹni tí wọ́n ń yà a máa kọjú sí kámẹ́rà gán-ún-gán-ún, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, gbogbo ara rẹ̀ á sì wà nínú àwòrán. Iyì ènìyàn wà nínú kí ó pé. Ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá àti ní òkè pátápátá férémù, ẹsẹ̀ àti gèlè, kì í ṣe àjẹkù àwòrán.

Àwo VCD: ohun tí ó gbà àti ohun tí ó gé

Ìlànà VCD jáde ní ọdún 1993 láti ọwọ́ Philips, Sony, Matsushita àti JVC. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni ó lé VHS kúrò lórí àtẹ ní Nàìjíríà. Àwo náà pọ́ọ́kú, kò gba àyè, ẹ̀rọ tí ó ń lù ú kò sì wọ́n. Àwọn olójà Ìdúmọ̀tà àti Alábà tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí àwo, àwọn onífídíò ayẹyẹ náà sì tẹ̀lé wọn.

Ohun mẹ́ta ni àwo yìí ṣe sí àwòrán. Èkíní ni ti àkókò. VCD kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 74. Fíìmù wákàtí méjì gbọ́dọ̀ di àwo méjì. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 tí ó gba wákàtí mẹ́ta gbọ́dọ̀ di àwo mẹ́ta, àfi bí onífídíò bá gé e kúrú. Ohun tí wọ́n sì máa ń gé ni ohun tí kò dà bí ohun pàtàkì lójú ẹni tó ń gé e: oríkì gígùn, ìwúre àgbà, ìdúró àwọn onílù láàárín orin kan sí òmíràn.

Èkejì ni ti ìrìn àwòrán. Àwòrán VCD ti PAL jẹ́ píkísẹ́lì 352 ní ìbú àti ìlà 288 ní òòró. 288 yìí jẹ́ ìdajì 576 gẹ́ẹ́. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti rí i ni kí wọ́n mú ìdajì kan nínú férémù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì da ìdajì kejì nù. Ìgbà 50 tí kámẹ́rà wo oníjó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á wá ku 25. Fún ìjókòó àwọn àlejò, kò sí àdánù ńlá. Fún ijó bàtá, níbi tí èjìká àti ẹsẹ̀ ń dá ìlù lóhùn láàárín ìṣẹ́jú tí kò tó ìpajú, ìdajì ẹ̀rí ti lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwọ̀n. Bí ènìyàn bá pín 352 sí 288, èsì rẹ̀ kì í ṣe 4:3. Ó jẹ́ nǹkan bí 1.22, nígbà tí 4:3 jẹ́ 1.33. Ìdí ni pé píkísẹ́lì ti fídíò PAL kì í ṣe onígun mẹ́rin dọ́gba. Ó fẹ̀ ní ìdá 12 bí ó bá ga ní ìdá 11. Ẹ̀rọ VCD tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣàn mọ èyí, ó sì ń gbé àwòrán jáde bí ó ti yẹ. Kọ̀ǹpútà ni ìṣòro ti wọlé. Píkísẹ́lì ojú kọ̀ǹpútà dọ́gba. Bí ẹni tó ń lò ó kò bá sọ fún un, yóò gbé 352 sí 288 náà kalẹ̀ bí ó ṣe wà. Gbogbo ènìyàn inú àwòrán á tín-ín-rín ní ìdá kan nínú méjìlá. Àṣìṣe yìí kéré débi pé ojú lè máà fura sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún da fáìlì bẹ́ẹ̀ kọ sí ibòmíràn, àṣìṣe náà á di ara rẹ̀.

DVD àti àmì kékeré tí ó ń darí ìwọ̀n

DVD bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù ní ọdún 1996. Nígbà tí ó pọ́ọ́kú tó láti wọ ilé onífídíò ní ilẹ̀ Yorùbá, ó dá ìlà 576 àti ìgbà 50 padà. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 720 ní ìbú. 704 nínú rẹ̀ ni ó ń gbé àwòrán 4:3 gan-an. Mẹ́jọ tó kù ní ọ̀tún àti mẹ́jọ tó kù ní òsì jẹ́ àlékún. Kásẹ́ẹ̀tì DV tí ó jáde ní ọdún 1995 náà ń lo 720 sí 576.

Ohun tuntun tí DVD mú wá ni pé 720 sí 576 kan náà lè jẹ́ 4:3, ó sì lè jẹ́ 16:9, ìwọ̀n gbalasa tí wọ́n yàn fún tẹlifíṣàn ìgbàlódé. Kò sí ohunkóhun nínú iye píkísẹ́lì tí ó fi ìyàtọ̀ hàn. Àmì kékeré kan nínú dátà ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ṣe nà án. Lẹ́tà mẹ́rin i, g, b àti a lè jẹ́ igba, igbá, ìgbà tàbí igbà. Àmì ohùn ni ó ń sọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì ohùn kò sọ lẹ́tà kankan nù, síbẹ̀ òǹkàwé gbọ́dọ̀ máa fi òye gbé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwo tí àmì ìwọ̀n rẹ̀ sọnù tàbí tí ó ṣì. Píkísẹ́lì rẹ̀ pé, ìtumọ̀ wọn ni ó ti bọ́.

Àmì yìí wà ní ibi méjì lórí DVD: nínú dátà àwòrán fúnra rẹ̀, àti nínú fáìlì tí ó ń tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà lórí àwo. Bí méjèèjì bá tako ara wọn, fáìlì ìtọ́sọ́nà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, nígbà tí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀lé èkejì. Àwo kan náà á wá fi ojú méjì hàn nínú ilé kan. Bákan náà, àwòrán tí wọ́n fi kámẹ́rà DV gbà ní 16:9 lè pàdánù àmì rẹ̀ bí wọ́n bá fi okùn àtijọ́ gbà á kọjá; yóò jáde ní 4:3, ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ àwọn ènìyàn á sì ti sọnù, gbogbo wọn á gùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Tẹlifíṣàn gbalasa nínú yàrá àlejò

Ìyípadà tó ṣe ìbàjẹ́ jù lọ ni tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 16:9. Bí tẹlifíṣàn onígbá lẹ́yìn ti ń kúrò nínú yàrá àlejò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fọ́nrán 4:3 ń wá ibi tí wọn yóò dúró sí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, YouTube, tí ó ti di ilé ìkàwé àìròtẹ́lẹ̀ fún fíìmù Yorùbá, sọ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ di 16:9 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà láti fi 4:3 sí inú 16:9. Wọ́n lè fi í sí àárín pẹ̀lú ọ̀já dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan á gba ìdá kan nínú mẹ́jọ ojú tẹlifíṣàn, àwòrán á sì dúró bí wọ́n ṣe gbà á. Wọ́n lè nà án kí ó kún. Ìbú á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i nígbà tí òòró kò yí padà. Wọ́n sì lè sọ ọ́ di ńlá títí yóò fi kún, kí wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ á lọ.

Onífídíò tó ń da téèpù kọ mọ̀ pé oníbàárà kì í fẹ́ ọ̀já dúdú. Lójú oníbàárà, ó dà bíi pé wọ́n yọ nínú owó rẹ̀. Nítorí náà ni fífà àti gígé fi gbilẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé tẹlifíṣàn ni ó na àwòrán, bọ́tìnnì kan lè tún un ṣe. Nígbà tí ó jẹ́ pé inú fáìlì ni wọ́n ti nà án, ọ̀nà àtúnṣe ṣì wà, ṣùgbọ́n ó di iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ pé ó ti yẹ̀. Èyí tí wọ́n gé kò ní àtúnṣe mọ́, àfi bí téèpù bá ṣì wà.

Jíjọra àti ẹ̀rí

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò yẹ kó gba àkókò onímọ̀ Yorùbá, nítorí pé ìṣe-ọnà Yorùbá fúnra rẹ̀ kò fi dandan lé ìwọ̀n ara. Agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ orí tóbi ju bí ó ṣe yẹ lórí ara ènìyàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére mọ ohun tí ó ń ṣe: orí ni ibùjókòó àyànmọ́, títóbi rẹ̀ sì ní ìtumọ̀. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn lámèyítọ́ ère ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson fi hàn pé jíjọra wà lára ohun tí wọ́n fi ń dájọ́ ère. Ère kò gbọdọ̀ jọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìjọ ọ́. Sprague gbé èrò yìí lọ sí orí fọ́tò. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkó fún olóògbé pàtàkì, èyí tí Rowland Abíọ́dún kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1976, ère náà gbọ́dọ̀ jọ olóògbé gidigidi, wọ́n á wọ aṣọ fún un, wọ́n á sì gbé e fún aráyé wò kí wọ́n tó sin ín. Ìdájọ́ jíjọra wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ olóògbé. Fífà tí ẹ̀rọ fa àwòrán kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó pinnu rẹ̀, kò sì ní ìtumọ̀ kankan.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta tó láti fi ohun tó wà nínú ewu hàn. Nínú ìmọ̀ ijó, ìtẹ̀síwájú ara jẹ́ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ara tí ó tẹ̀ síwájú ní dígíríì 45 láti ìnàró yóò hàn bí 53 nínú àwòrán tí wọ́n nà láti 4:3 sí 16:9. Olùwádìí tó ń fi oníjó Ọ̀yọ́ inú àwo kan wé oníjó inú àwo mìíràn lè rí ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ó sì pè é ní ẹ̀ka-ijó. Nínú ìmọ̀ aṣọ, ìlà aṣọ òkè tó dúró lóòró á fẹ̀ sí i, èyí tó dùbúlẹ̀ kò ní nípọn sí i, ìbátan àwọ̀ sí àwọ̀ á sì yẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilà ojú, òun ni ó sì ká ni lára jù. Pélé dúró lóòró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilà àbàjà dùbúlẹ̀ níbùú. Nínú àwòrán tí wọ́n nà, àbàjà á gùn ju bí olóòlà ṣe kọ ọ́ lọ, pélé á sì nípọn, wọ́n á jìnnà síra wọn. Ilà kíkọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹbí. Àwọn àgbà tó kọlà tí wọ́n jó níbi ayẹyẹ ní àwọn ọdún 1980 ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí ẹ̀rí mìíràn tí ó fi ojú wọn hàn bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń yí, tí ó sì ń sọ̀rọ̀, ju téèpù wọ̀nyí lọ.

Ìlànà fún dída téèpù kọ

Láti inú ìtàn yìí ni àwọn ìlànà díẹ̀ ti jáde fún ẹni tó bá fẹ́ da téèpù kọ fún ìwádìí tàbí fún ẹbí.

Àkọ́kọ́, àwòrán 4:3 gbọ́dọ̀ wà ní 4:3. Lórí DVD, 720 sí 576 ni kí ó jẹ́, kí àmì ibi méjèèjì sì sọ 4:3. Bí fáìlì bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ṣírò píkísẹ́lì dọ́gba, 768 sí 576 fún àwòrán 704, tàbí kí wọ́n fi àmì sí i. Ọ̀já dúdú kò ba nǹkan jẹ́. Ojú tẹlifíṣàn ni ó wà, kì í ṣe inú àwòrán.

Èkejì, ìsàlẹ̀ àwòrán VHS máa ń ní ìlà díẹ̀ tí ó rí wúruwùru, níbi tí orí ẹ̀rọ ti ń pààrọ̀. Tẹlifíṣàn àtijọ́ máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi dúdú bò ó. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n sì fa ìyókù kí ó kún, ìwọ̀n ti yẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n wá ohun rìbìtì kan nínú fọ́nrán láti fi dán ìwọ̀n wò: aago ara ògiri, táyà ọkọ̀ tí kámẹ́rà wò láti ẹ̀gbẹ́, tàbí ojú ìlù tí wọ́n kọ sí kámẹ́rà gan-an. Ohun tó bá wà ní ìdùbúlẹ̀ kò ṣe é lò fún èyí, nítorí rìbìtì tí ojú wò láti ẹ̀gbẹ́ a máa rí bí ẹyin. Bí ìbú rẹ̀ bá bá òòró rẹ̀ dọ́gba, àwòrán ti pé.

Ẹ̀kẹrin, àwo jẹ́ ẹ̀dà fún wíwò. Àwo tí wọ́n fi ẹ̀rọ ilé jó máa ń bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Kí wọ́n tún gba fáìlì kan tí kò pàdánù nǹkankan, irú FFV1 tí àwọn ilé ìpamọ́ ń lò, pẹ̀lú ìdajì méjèèjì férémù rẹ̀ ní pípé, kí wọ́n sì pa á mọ́ sí ibi méjì ó kéré tán. Kí wọ́n kọ orúkọ téèpù, ìlànà rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n má sì ju téèpù nù.

Ìkádìí

Àkókò kò pọ̀ mọ́. Ní ọdún 2015, ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Australia kìlọ̀ pé téèpù tí wọn kò bá dà kọ títí di ọdún 2025 lè má ṣe é dà kọ mọ́. Ní ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Funai dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ VHS dúró. Ní ọdún 2025 ni Sony dáwọ́ ṣíṣe kásẹ́ẹ̀tì MiniDV dúró. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún orí ẹ̀rọ fídíò ṣe ti ń dàgbà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ téèpù, dídà kọ tí wọ́n bá ṣe lónìí ni yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí sọ fi hàn pé kò sí ẹni burúkú kan tó dìde láti ba àwòrán wọ̀nyí jẹ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá: àwo pọ́ọ́kú, tẹlifíṣàn fẹ̀, oníbàárà kò fẹ́ dúdú. Àkójọ wọn ni ó wá yí ojú àwọn ènìyàn padà. Olùwádìí tó bá lo irú àwo bẹ́ẹ̀ ní ojúṣe láti kọ́kọ́ béèrè pé láti orí kí ni ó ti wá, àti ìwọ̀n wo ni wọ́n fi gbà á, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń béèrè nípa ẹ̀dà ìwé àfọwọ́kọ kí ó tó fà á yọ. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ti téèpù wọ̀nyí, orí àwọn àgbà fúnra wọn ni ó ń wọ́, àwọn ọmọ ni ó sì wà lọ́jà.